Ìwọ̀n Ọ̀nà Tí Ọta Ẹni Mọ

Kí ìgbà ọdẹ tó wọlé, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí koríko sì ti ń gbẹ, ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń gbé ìbọn lọ sí ibi tí ẹran kò sí. Yóò gbé àmì kan kalẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà, yóò sì yìn ín. Yóò tún sún àmì náà sẹ́yìn, yóò tún yìn ín. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, eré ni, tàbí ìfowóṣòfò: ọta tí ì bá fi pa ẹran ló ń fi lu pátákó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nìyí: ṣé ọgbọ́n iṣẹ́ lásán ni ìfidánrawò yìí, tí ẹni tó bá wù lè ṣe, tí ẹni tí kò bá wù sì lè fi sílẹ̀? Àbí gbèsè ni, tí ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn gba ẹ̀mí gbọ́dọ̀ san kí ó tó wọ igbó? Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè, ta ni a jẹ ẹ́?

Èmi gbà pé gbèsè ni. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń ṣe sí ọta, nítorí ọ̀rọ̀ ìwà tí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe rí gan-an, ariwo ẹnu lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Kò sí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Èémí ń gbé àyà sókè, ọkàn ń lù, ọ̀pá ìbọn sì ń bá wọn lọ. Ká sọ pé ìgbọ̀n ọwọ́ ọdẹ kan ń mú kí ọta rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 yà kúrò lójú àmì ní mítà 50. Ní mítà 100, yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 yà; ní mítà 200, yóò fi 20 yà. Ọwọ́ kò yí padà, ìbọn kò yí padà. Ọ̀nà nìkan ló gùn sí i. Ọta tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 yà lè ṣì wà láyà ẹtu. Èyí tó fi 20 yà lè bọ́ sí ìfun, ó lè bọ́ sí itan, ó sì lè bọ́ sí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn ọwọ́ ni ilẹ̀ tó ń fa ohun gbogbo mọ́ra. Ohun tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀ láti òkè máa ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń já ju mítà kan lọ láàárín ìdajì rẹ̀. Ọta tó ń sáré lọ síwájú ń já bọ̀ bákan náà. Eré rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń to ojú ìbọn sí ìwọ̀n ọ̀nà kan pàtó. Ìbọn tí a tò sí mítà 100 kò ní bá ibi tí ojú ń wò ní mítà 250. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò bà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, bí ọyẹ́ ṣe máa ń fẹ́ ní àkókò ọdẹ, tún ń tì í kúrò lójú ọ̀nà, bí ọ̀nà bá sì ṣe gùn tó ni ìtìkúrò náà ṣe ń pọ̀ tó.

Ìbọn pẹ̀lú kò dọ́gba. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní carabine ní ìlà nínú ọ̀pá rẹ̀ tó ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó, kí ó lè dúró lójú ọ̀nà. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọta rẹ̀ tètè ń ṣìnà. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ń fọ́n ọta rẹ̀ ká bí ọ̀nà ṣe ń jìn; tí ó bá ti kọjá nǹkan bí mítà 40, ó máa ń ṣá ẹran lọ́gbẹ́ ju kí ó pa á lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọta tó bá tàsé kì í parẹ́. Kódà ọta kékeré ìbọn .22, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú ohun ìṣeré wò, lè rìn kọjá kìlómítà kan kí ó tó balẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tí ojú lásán lè sọ fún ni. Ojú ń ríran jìnnà ju ibi tí ọwọ́ mọ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá ti jó koríko ní ilẹ̀ ọ̀dàn agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, ẹran tó dúró ní mítà 200 hàn kedere bí ẹni pé ó wà ní àgbàlá. Híhàn rẹ̀ ló ń tan ni. Ohun tí a rí yàtọ̀ sí ohun tí a lè ṣe, kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti mọ àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ju pé kí a dán ara wa wò lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọgbọ́n iṣẹ́ tó di ọ̀rọ̀ ìwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọdẹ ń fi ìbọn dánra wò kí ó lè máa yìn ín jìnnà sí i ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n èrè tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé kí ó mọ ibi tí yóò dúró. Ọdẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní mítà 50 tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bà, tó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní mítà 100 tí méje bà, tó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní mítà 150 tí mẹ́ta péré bà, ti gbọ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jiyàn. Pátákó kì í ṣe ojúsàájú, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹran bá dúró ní mítà 150, tí ọdẹ yìí sì fa ìbọn, kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀ pé nínú mẹ́wàá, méje ni yóò tàsé tàbí tí yóò ṣe ẹran léṣe. Ó ti yàn án.

Ẹni tí kò dán ara rẹ̀ wò ńkọ́? Ṣé àìmọ̀ rẹ̀ gbà á sílẹ̀? Àìmọ̀ oríṣi méjì ló wà. Àìmọ̀ kan wà tí kò sí bí a ṣe lè yẹra fún un, bíi ti ẹni tí igi gbígbẹ ya lù lójú ọ̀nà oko. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀. Ẹni tó ní pápá, tó ní ẹsẹ̀, tó ní oṣù mẹ́ta kí ìgbà ọdẹ tó dé, tí kò sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà, oríṣi kejì ni tirẹ̀. Àwáwí tí a fọwọ́ ara ẹni gbìn kò yẹ ní kíkórè.

Ta wá ni a jẹ ní gbèsè yìí? Ènìyàn ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Igbó wa kì í ṣe igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni kò dé mọ́. Oko yí i ká. Àwọn obìnrin ń wọ̀ ọ́ lọ ṣẹ́ igi ìdáná, àwọn ọmọ ń ṣa èso kiri nínú rẹ̀, àwọn darandaran Fúlàní ń kó màlúù gbà á kọjá. Lẹ́yìn gbogbo ẹran tí a bá dojú ìbọn kọ, ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ẹni tó yìnbọn kọjá ibi tí ó mọ ti fi ẹ̀mí ẹni tí kò rí ta tẹ́tẹ́, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ẹran ni ìkejì, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn wà. Nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí pé: «Mùsíyẹ̀, ẹran tí a fẹ́ pa náà ni, kí ló kan ni bóyá ó kú lójú ẹsẹ̀ tàbí ó kú lọ́la?» Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a fi ẹ̀rín pa á. Ìdáhùn mi ni pé ohun tó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹran ni pé a fẹ́ jẹ ẹ́, tàbí pé ó ń ba oko wa jẹ́. Ẹ̀tọ́ náà kò ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹtu tó gbé ọta sára sálọ, tó sì kú sínú igbó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, igún ló jẹ ẹ́. Oúnjẹ tí a torí rẹ̀ pa á ti bọ́ sọnù, ìrora nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì sí ẹni tí ìrora yó. Ẹni tó tilẹ̀ gbà pé ẹran kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ ènìyàn yóò rí i pé ìparun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní kò ní agbẹjọ́rò.

Àṣà àwọn ọdẹ wa jẹ́rìí sí èyí. Ọdẹ tó bá ṣá ẹran lọ́gbẹ́ kì í fi í sílẹ̀. Yóò tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ títí tí yóò fi bá a. Ẹni tó dá àṣà yìí sílẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ kò parí nígbà tí ìbọn dún. Ṣùgbọ́n títọ ipa ẹ̀jẹ̀ jẹ́ sísan gbèsè lẹ́yìn tí a ti jẹ ẹ́. Ìfidánrawò ni kí a má jẹ ẹ́ rárá.

Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni ni ìkẹta. Ìmàdò tàbí ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ kì í bi ẹni tó ń bọ̀ bóyá òun ló yìnbọn lánàá. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà ni yóò pàdé ìbínú rẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Mo mọ àwọn àtakò tí a lè ṣe sí ohun tí mo sọ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ọta wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹni tó jẹ́ pé ọta mẹ́ta péré ló lè rà kò ní fi méjì lu pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gbèsè yìí ń béèrè gan-an. Kò béèrè pé kí olúkúlùkù lè yìn ín dé mítà 200. Ó béèrè pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìn ín kọjá ibi tí ó dá a lójú. Ẹni tí kò lówó ọta ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sún mọ́ ẹran. Ó lè wo igi kan, kí ó méfò iye ẹsẹ̀ tó wà láàárín wọn, kí ó sì kà á láti mọ bí òun ṣe ṣìnà tó. Èyí kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó lè yẹ ìbọn rẹ̀ wò dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ó sì máa kọ́ bí a ṣe ń gbé e dúró gbọin-in. Àìlówó ń mú kí ìwọ̀n ọ̀nà ẹni kúrú. Kò sọ ọ́ di ohun tí a lè gbójú fò.

Èkejì ni pé àwọn baba wa kò lọ sí pápá ìfidánrawò, síbẹ̀ wọ́n pa ẹran. Mo rò pé a ń ṣi ìtàn kà. Láti ìgbà èwe ni ọmọ ọdẹ ti ń fi kànnàkànnà sọ èso orí igi àti aláǹgbá ara ògiri. Ó ń gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí a tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ìjálá tí ó ń gbọ́ níbi ayẹyẹ ọdẹ ń kọ́ ọ ní ìwà ẹran kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ ni pápá ìfidánrawò. Yàtọ̀ sí èyí, ọfà kì í lọ jìnnà, ṣakabùlà sì ń pẹ́ kí a tó tún un kì. Ohun ìjà náà fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé kí a sún mọ́ tòsí. Ìbọn òde òní ti gbé ààlà náà kúrò lára irin, ó sì ti gbé e lé ọkàn ọdẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orí àti ẹbọ. Àwọn kan ní ẹni tí orí rẹ̀ bá gbè kì í tàsé. Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ òrìṣà ní Bràsíìlì ń sọ, pàápàá àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu, níbi tí a ti ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí ọba Kétu. Wọ́n ní ẹyẹ kan tí àwọn ìyàmi rán wá bà sórí ààfin nígbà ọdún iṣu. Ọdẹ tó ní ogún ọfà ta á, ó tàsé. Ẹni tó ní ogójì tàsé, ẹni tó ní àádọ́ta náà tàsé. Ọ̀ṣọ́tọ̀kanṣoṣo, tó ní ẹyọ ọfà kan péré, ló ta á bà, nítorí ìyá rẹ̀ ti rúbọ fún un. Ìtàn náà fi ẹbọ ṣe ìdí, n kò sì ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ẹni náà kì í ṣe ọdẹ. Ẹni tó ní ọfà kan kò lè fi ọfà náà kọ́ iṣẹ́. Ó ní láti ti kọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹbọ ìyá rẹ̀ pàápàá, ohun tí a ṣe ṣáájú ni. Ẹni tó ní àádọ́ta ọfà ló ń rò pé bí èyí bá tàsé, òmíràn lè bà.

Àwọn ará Kúbà tún ní ìtàn tiwọn nípa ọlọ́fà kan náà. Wọ́n ní ẹnìkan jí ẹyẹ tí ó mú pa mọ́ fún òrìṣà. Nínú ìbínú, ó ta ọfà sófuurufú, ó ní kí ó lọ gún ọkàn olè náà. Ọfà kò tàsé. Ọkàn ìyá rẹ̀ ló gún, nítorí òun ló mú ẹyẹ náà láìmọ̀ pé ohun òrìṣà ni. Tí a bá ka ìtàn méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé mímọ ọfà ta nìkan kò tó. Ẹni tó ta á gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà ní ìparí ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà tó jìn ju ojú tó lè dá nǹkan mọ̀ lọ ti jìn jù, bí ọwọ́ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí yóò rántí àpẹẹrẹ tafàtafà tí Cicero gbà lọ́wọ́ àwọn Sítọ́íkì. Wọ́n ní ojúṣe tafàtafà ni kí ó ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ta á dáadáa. Bóyá ọfà bà tàbí kò bà wà lọ́wọ́ ohun mìíràn. Mo fara mọ́ èyí, pẹ̀lú ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: «gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀» kò bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó fa ọrun. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú. Ká mú ọdẹ méjì tí wọn kò dánra wò, tí àwọn méjèèjì yìn ín sí ìgalà ní ọ̀nà tó jìn ju agbára wọn lọ. Ti ọ̀kan bà, abúlé sì yìn ín. Ti èkejì ba ọmọdé tó wà lẹ́yìn igbó, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe kò yàtọ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tí a yìn náà.

Ṣé ìjọba ni kí ó mú wa ṣe é? Ní Nọ́wè, ẹni tó bá fẹ́ dẹ ẹran ńlá gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìbọn yíyìn lọ́dọọdún kí ìgbà ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọta márùn-ún ní mítà 100, tí márààrún gbọ́dọ̀ bà. Ní Benin, Òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ àti ìwé àṣẹ ọdẹ. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ń sọ pé a gbà kí ẹni yìí dẹ. Kò lè sọ, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òùngbẹ ti gbẹ ọdẹ tí oorun sì ń kùn ún, bóyá ọ̀nà tó wà láàárín òun àti ẹran kò ti jìn jù. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ ti ìwà kí ó tó jẹ́ ti òfin.

Kò sì mọ sọ́dọ̀ ọdẹ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú ń rìn jìnnà ju ojú ẹni tó sọ ọ́ lọ. Olùkọ́ tó dáhùn ìbéèrè tí kò mọ̀, adájọ́ tó dá ẹjọ́ tí kò gbọ́ tán, ẹni tó ń kéde ìròyìn tí kò wádìí, gbogbo wọn ló yìnbọn kọjá ibi tí wọ́n mọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ṣì wà káàkiri Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti agbègbè Àjàṣẹ́. Ohun tí mo dá lábàá kò tóbi. Kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí ìgbà ọdẹ tó wọlé. Kí àgbà àti ọmọdé jọ lọ sí ibi tí òkìtì ilẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àmì, kí ọta má baà kọjá. Kí a to àmì sí mítà 25, sí 50, sí 100. Kí olúkúlùkù yìn ín lójú gbogbo ènìyàn. Kí a sì sọ fún un, láìfi ṣe ẹlẹ́yà, pé ibi báyìí ni tìrẹ mọ lọ́dún yìí. Ọmọdé tó bá gbọ́ tí àgbà ọdẹ sọ ní gbangba pé, «Mítà 50 ni tèmi, n kò ní kọjá rẹ̀», ti rí ohun tí ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí kì í sábà fi hàn án.